Ìdílé Sisulu: Bí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣe tú ilé kan ká ní Soweto, àti ohun tí ìbò ọdún 1994 dá padà fún wọn

Ọmọ Nàìjíríà tó bá balẹ̀ sí Johannesburg, orúkọ ẹni méjì ló máa kọ́kọ́ pàdé kó tó wọ ìgboro. Èkíní wà lára pápákọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀: OR Tambo. Èkejì wà lára ọ̀nà R24 tí ọkọ̀ máa gbà kúrò níbẹ̀: Albertina Sisulu.

Tambo jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ obìnrin yìí. Albertina fúnra rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Agbẹ̀bí ni, tó máa ń gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, tó sì máa ń fẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé ní Soweto. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ń gba ọ̀nà yẹn lọ sí Hillbrow tàbí Yeoville kò mọ̀ ju pé orúkọ ọ̀nà ni lọ.

Ìyípadà ìjọba méjì ló gba orí ilé obìnrin yìí kọjá. Èkíní ṣẹlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1948, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú National Party wọlé ìbò tí aláwọ̀ funfun nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ dì, tí wọ́n sì sọ ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ di òfin tí ayé mọ̀ sí apartheid. Èkejì ni ìbò oṣù Kẹrin ọdún 1994, tí gbogbo ọmọ South Africa dì pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdún 46 ló wà láàrin méjèèjì. Nínú ọdún 46 yẹn, bàbá ilé lo ọdún 26 lẹ́wọ̀n ní ìjókòó kan, ìyá ilé wọ àtìmọ́lé ní àìmọye ìgbà, ọmọ méjì sá lọ sí òkè òkun, ọmọ kan sì lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé ó ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn.

Ilé nọ́mbà 7372

Walter Sisulu wá sí Johannesburg láti abúlé ní Transkei nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ọdún 1912 ni wọ́n bí i. Ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fún wàrà màlúù, ó wọ inú ihò wúrà, ó tún ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì. Ìwé rẹ̀ kò pọ̀. Alice ìyá rẹ̀ máa ń fọṣọ fún àwọn òyìnbó.

Òyìnbó ni bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ Victor Dickinson, ṣùgbọ́n kò tọ́ ọ dàgbà. Orúkọ ìyá ni Walter ń jẹ́, ilé ìyá ló sì gbé dàgbà. Àwọ̀ ara rẹ̀ mọ́ díẹ̀. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ẹnìkọ̀ọ̀kan sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1950, tó bá wù ú ni, ì bá wá ọ̀nà láti bọ́ sí apá àwọn tí wọ́n ń pè ní Coloured, nítorí pé ìyà tiwọn fúyẹ́ díẹ̀ ju ti aláwọ̀ dúdú. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Xhamela ni àwọn ará Soweto ń pè é, orúkọ ìran ìyá rẹ̀, tí wọ́n fi ń kí èèyàn bí a ṣe ń fi oríkì kí ara wa.

Abúlé ní Transkei ni Albertina náà ti wá. Ọdún 1918 ni wọ́n bí i, bàbá rẹ̀ sì kú nígbà tó ṣì kéré. Àbúrò wà nílẹ̀ tó yẹ kó bójú tó, ó sì ti pinnu pé òun kò ní lọ́kọ. Ó fẹ́ di obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ìjọ Kátólíìkì, àfìgbà tí wọ́n sọ fún un pé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ kì í gba owó oṣù. Ló bá yan iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nítorí pé wọ́n ń sanwó fún ẹni tó bá ń kọ́ ọ.

Ní ọdún 1944 ni wọ́n ṣègbéyàwó. Nelson Mandela ló dúró ti ọkọ ìyàwó lọ́jọ́ náà. Anton Lembede, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ANC, dìde ó sì kìlọ̀ fún ìyàwó pé ọkùnrin tó fẹ́ yìí ti fẹ́ orílẹ̀èdè rẹ̀ ṣáájú. Àwàdà ibi ìgbéyàwó ni, ṣùgbọ́n ó ṣẹ.

Ilé tí wọ́n ń gbé, nọ́mbà 7372 ní Orlando West, kéré. Páálí ìṣáná ni àwọn èèyàn fi ń ṣàpèjúwe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Soweto. Síbẹ̀, èrò kì í tán níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Mandela ti pàdé Evelyn, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, tó jẹ́ ẹbí Walter. Albertina bí ọmọ márùn-ún, ó sì tún gba àwọn ọmọ ẹbí mọ́ra, títí kan àwọn ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀, Gerald àti Beryl.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi orúkọ àwọn ọmọ náà, nítorí pé àwa Yorùbá mọ ohun tí orúkọ ń ṣe lára ọmọ. Àkọ́bí ni Max, orúkọ bàbá rẹ̀. Mlungisi túmọ̀ sí ẹni tó ń tún nǹkan ṣe. Zwelakhe dúró fún "ilẹ̀ rẹ̀", ìyẹn orílẹ̀èdè ẹni. Lindiwe ni ọmọ tí wọ́n ti ń retí. Àbíkẹ́yìn ń jẹ́ Nonkululeko, inú orúkọ yìí sì ni ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí òmìnira wà. Àárín ọdún 1945 sí ìparí àwọn ọdún 1950 ni wọ́n bí gbogbo wọn. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti ń gbilẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ àwọn ọmọ yìí lórúkọ.

Ta ló ń gbọ́ bùkátà?

Ní ìparí ọdún 1949, ANC yan Walter ní Akọ̀wé Àgbà. Ipò yìí gba gbogbo àkókò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí owó gidi níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, owó oṣù nọ́ọ̀sì ni gbogbo ilé fi ń jẹun, òun náà ni wọ́n fi ń san owó ilé ìwé. Albertina tún ń ránṣọ, ó ń hun súwẹ́tà, kí owó lè tó ná.

Ẹni bá ka ìtàn ìjà òmìnira South Africa, orúkọ àwọn ọkùnrin ló máa kún etí rẹ̀. Lójú tèmi, owó oṣù nọ́ọ̀sì yìí wà lára ohun tó gbé ANC ró ní àwọn ọdún yẹn, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ kankan.

Kì í sì í ṣe pé ó kàn jókòó sílé kí ọkọ máa jà. Ní ọjọ́ Kẹsàn-án oṣù Kẹjọ ọdún 1956, ó wà lára nǹkan bí 20,000 obìnrin tó wọ́ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Pretoria láti kọ ìwé ìrìnnà, ìyẹn ìwé tí ọlọ́pàá lè bèèrè lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú níbikíbi, tí ẹni tí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ máa sùn sí àtìmọ́lé. Nígbà tí ìjọba ṣe òfin pé ẹ̀kọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ yàtọ̀, kó sì rẹlẹ̀, ilé rẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò. Ní 1958, wọ́n tì í mọ́lé nítorí ìwé ìrìnnà yìí kan náà. Walter ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn 156 tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn ní ọdún 1956. Ẹjọ́ náà falẹ̀ títí di 1961 kí ilé ẹjọ́ tó dá àwọn tó kù sílẹ̀.

Oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ọdún 1963

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló tú ilé yìí ká. Walter ti wábi forí pamọ́ sí láti oṣù Kẹrin ọdún náà. Ní ọjọ́ Kọkàndínlógún oṣù Kẹfà, àwọn ọlọ́pàá mú Albertina lábẹ́ òfin tuntun tó fún wọn láyè láti ti èèyàn mọ́lé fún 90 ọjọ́ láìgbé e lọ sílé ẹjọ́. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n lo òfin náà fún. Òun nìkan ni wọ́n tì sínú yàrá, wọ́n sì ń wá sọ fún un pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn gidigidi. Wọ́n mú Max náà. Ọmọ ọdún 17 ni.

Ní ọjọ́ Kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù náà, àwọn èèyàn gbọ́ ohùn Walter lórí rédíò tí ìjọba kò fún ní ìwé àṣẹ, Radio Freedom, láti ibi ìsápamọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti lo ọ̀sẹ̀ kan ní àhámọ́ nígbà yẹn.

Ọjọ́ Kọkànlá oṣù Keje ni wọ́n ká Walter àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ oko Liliesleaf ní Rivonia, níhà àríwá Johannesburg. Nígbà tí wọ́n dá Max sílẹ̀, ó sá kúrò ní orílẹ̀èdè náà. Kò padà gbé nílé mọ́ títí ọdún 1990 fi dé.

Ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Walter, Mandela àti àwọn mẹ́fà míì ní June 12, ọdún 1964. Bẹ́ẹ̀ ni, June 12. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó máa rí déètì yẹn tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sọ́dọ̀ MKO Abiola. Ọjọ́ yìí kan náà ní 1986 ni ìjọba Pretoria kéde òfin pàjáwìrì jákèjádò South Africa. Kò sí ohun tó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè ka déètì yẹn kí n má dúró.

Ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún

Láti Johannesburg dé Cape Town tó nǹkan bí 1,400 kìlómítà, ó sì jìn ju Èkó sí Kano lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa wọ ọkọ̀ ojú omi dé erékùṣù Robben Island. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú lẹ́tọ̀ọ́ sí àlejò kan àti lẹ́tà kan láàrin oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ kọjá 500 ọ̀rọ̀. Àlejò náà kò gbọdọ̀ lò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, dígí sì wà láàrin wọn, wọ́dà sì ń gbọ́.

Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ débẹ̀. Nonkululeko kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí wọ́n rán bàbá rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó kù nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kó tó lè fojú kan bàbá tó bí i.

Ìjọba fòfin de Albertina náà ní 1964. Ẹni tí wọ́n bá fòfin dè ní South Africa nígbà yẹn kò gbọdọ̀ lọ sí ìpàdé, oníròyìn kò gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde, kò sì gbọdọ̀ bá ẹlòmíì tí wọ́n fòfin dè sọ̀rọ̀. Wọ́n ń tún òfin yìí ṣe lórí rẹ̀ bí ó bá ṣe ń parí. Ó lé ní ọdún 15 tó lò lábẹ́ rẹ̀, fún apá kan nínú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jáde nílé lálẹ́. Wọ́n kàn gbà kó máa lọ síbi iṣẹ́ ni. Ó ń gbẹ̀bí àwọn ọmọ Soweto lọ́sàn-án, ó sì ń padà wá ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Ó wá ọ̀nà rán díẹ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ kàwé ní Swaziland, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tí ìjọba ṣe fún aláwọ̀ dúdú.

Ọwọ́ tún tẹ Lindiwe ní 1976, ọdún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Soweto figbe ta, tí ọlọ́pàá sì yìnbọn pa ọ̀pọ̀ wọn nítòsí ilé Sisulu gan-an. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún kan ní àtìmọ́lé. Nígbà tó jáde, òun náà sá lọ, ó sì wọ ẹgbẹ́ ológun ANC.

Ọ̀rọ̀ oníròyìn

Ibi tí ìtàn yìí ti mú mi jù nìyí, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni èmi àti Zwelakhe ń ṣe. Ìwé ìròyìn Rand Daily Mail ló ti kọ́ iṣẹ́. Ó di olórí ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn aláwọ̀ dúdú, ó kó wọn ṣe ìyanṣẹ́lódì ní 1980, ìjọba sì fòfin dè é. Ìyá àti ọmọ wá wà nínú ìwé àwọn tí ìjọba fòfin dè.

Lẹ́yìn tó lọ sí Harvard fún ọdún kan, tí kò sì sẹ́ni tí ì bá bá a wí tó bá jókòó sí Amẹ́ríkà, ó padà wálé. Ní 1986 ó di olóòtú àkọ́kọ́ fún ìwé ìròyìn New Nation, tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì dá sílẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ọlọ́pàá ti wá gbé e nílé. Ọdún méjì ló lò ní àtìmọ́lé láìsí ẹjọ́ kankan.

Ní àsìkò yẹn, SABC, iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba, ló ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà gbé ohùn rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1994, ta ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá àgbà SABC? Zwelakhe Sisulu ni. Ipò náà kò rọrùn. Ó bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ka ìròyìn fún ìjọba àná nídìí iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ sọ iléeṣẹ́ náà di ti gbogbo ìlú, ní èdè 11 tí òfin fọwọ́ sí. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1997. Ó kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012.

Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará Soweto nìkan. Lẹ́yìn ìpakúpa 1976, Nàìjíríà dá owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún apá gúúsù Áfíríkà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wa sì dá sí i. Ní 1986, Olusegun Obasanjo wà lára àwọn aṣojú Commonwealth tó lọ bá Mandela ní ẹ̀wọ̀n Pollsmoor, Cape Town. Ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn náà ni Walter wà, nítorí wọ́n ti kó wọn kúrò ní Robben Island láti 1982. Bí àwọn aṣojú náà ṣe ń bá iṣẹ́ lọ, àwọn ọmọ ogun South Africa lọ kọlu Botswana, Zambia àti Zimbabwe lọ́jọ́ kan náà. Ìjíròrò fọ́.

Ọjọ́ tí Xhamela wálé

Ọdún 1989 bẹ̀rẹ̀ ní àìdára fún Albertina. Ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ nígbà yẹn, ó sì ń bá Dókítà Abu Baker Asvat ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Soweto. Ní oṣù Kìíní, wọ́n yìnbọn pa dókítà náà síbi iṣẹ́. Albertina wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́ni ọdún 70, ó tún gba ìwé ìrìnnà òkè òkun fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ààrẹ ẹgbẹ́ UDF, ó sì lọ bá George Bush ní White House ní oṣù Kẹfà.

Ní ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá, wọ́n gbé Walter wá sí Orlando West. Ẹni ọdún 77 ni. Àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ ti di òbí. Max àti Lindiwe kò sí nílé láti pàdé rẹ̀, nítorí pé ANC ṣì jẹ́ ẹgbẹ́ tí ìjọba fòfin dè. Oṣù Kejì ọdún 1990 ni FW de Klerk tó gbé òfin yẹn kúrò, tí Mandela sì jáde. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó wà lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Nígbà tí ìbò dé ní oṣù Kẹrin 1994, Walter jẹ́ ẹni ọdún 81, Albertina sì jẹ́ ẹni ọdún 75. Wọn kò dìbò yan ìjọba orílẹ̀èdè wọn rí títí di ọ̀sẹ̀ náà. Walter kò gba ipò kankan nínú ìjọba. Albertina, Max àti Lindiwe wọ ilé aṣòfin lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ Kẹsàn-án oṣù Karùn-ún, nígbà tí àwọn aṣòfin jókòó láti yan ààrẹ, Albertina ló dìde láti fa orúkọ Mandela kalẹ̀, ọkùnrin tó dúró ti ọkọ rẹ̀ níbi ìgbéyàwó wọn ní àádọ́ta ọdún ṣáájú.

Agbára tí ìdílé náà bọ́ sí lẹ́yìn èyí kò kéré. Max di Abẹnugan ilé aṣòfin láti 2009 sí 2014. Beryl, ọmọ tí wọ́n gbà tọ́, di aṣojú orílẹ̀èdè rẹ̀ lókè òkun, bẹ́ẹ̀ náà ni Sheila, ìyàwó Mlungisi, tí wọ́n rán lọ sí Amẹ́ríkà. Lindiwe di mínísítà lẹ́yìn mínísítà láti 2001: ètò òfófó, ilé gbígbé, ètò ààbò, àti àwọn míì. Ẹ kò ní gbọ́ kí gbogbo èèyàn máa yìn wọ́n. Àwọn kan ń bèèrè pé ṣé orúkọ ìdílé ni wọ́n fi ń pín ipò ni. Ní oṣù Kìíní 2022, Lindiwe kọ àpilẹ̀kọ tó fi bẹnu àtẹ́ lu àwọn adájọ́ aláwọ̀ dúdú kan, ó sì dá awuyewuye ńlá sílẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2023, Ààrẹ Cyril Ramaphosa yọ ọ́ kúrò nípò mínísítà. Àwọn ọ̀dọ́ Soweto tí iná mànàmáná ń ṣe ségesège fún, tí wọn kò sì rí iṣẹ́ ṣe, lẹ́tọ̀ọ́ láti bi àwọn ọmọ akọni ní ìbéèrè bí wọ́n ṣe ń bi olóṣèlú yòókù.

Ṣùgbọ́n wọn kì í dárúkọ Màmá àti Bàbá mọ́ ẹjọ́ yẹn. Wọ́n ti kó kúrò ní ilé nọ́mbà 7372 lọ sí Linden, àdúgbò kan ní àríwá ìlú. Títí di ọdún 1991, òfin sọ pé aláwọ̀ funfun ló ni Linden, obìnrin aláwọ̀ dúdú kò sì lè sun ibẹ̀ bí kò bá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Walter kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2003, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ẹni ọdún 91. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ Kejì oṣù Kẹfà ọdún 2011, Albertina wà nílé ní Linden. Ẹni ọdún 92 ni. Òun àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jọ ń wo tẹlifíṣọ̀n nígbà tó dákẹ́.